Ìbéèrè Yín Lórí Oúnjẹ: Ẹni Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹ Gluten ní Ìlú Òṣogbo

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí ó wọlé sí abala yìí lóṣù yìí dá lórí gluten, èròjà purotéènì tí ó wà nínú àlìkámà, nínú báálì àti nínú ọkà ráì. A ti yọ orúkọ àwọn tí ó kọ̀wé kúrò, a sì gé àwọn lẹ́tà tí ó gùn jù kúrú.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ń bọ̀ wá kí wa lóṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Ó ní àwọn dókítà ti rí i pé òun ní àìsàn celiac, pé òun kò gbọdọ̀ fẹnu kan gluten mọ́ láyé òun. Bàbá rẹ̀ ní àṣejù òyìnbó ni, nítorí búrẹ́dì ni a fi tọ́ ọ dàgbà. Èmi ń ronú pé kí ni ó kù tí n ó máa sè fún un.
*Ìyá oníṣòwò kan, Ọjà-Ọba*

Ẹ kú ìmúra àlejò, Mọ̀mọ́. Ẹ bá wa sọ fún Bàbá pé kì í ṣe àṣejù. Nínú ara ẹni tí ó ní àìsàn yìí, bí gluten bá ti dé inú ìfun kékeré, àwọn ọmọ ogun ara tí ó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà á kọjú ìjà sí ìfun náà fúnra rẹ̀. Inú ìfun wa dà bí aṣọ àrán, irun kéékèèké tí ó wà lára rẹ̀ ni ó ń gba agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí irun náà bá re tán, oúnjẹ á kàn máa kọjá lásán ni. Ohun tí ó ń tẹ̀lé e ni ìgbẹ́ gbuuru tàbí inú wíwú, rírù, egungun tí kò lágbára, àti àìtó ẹ̀jẹ̀ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ràn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí ènìyàn ti dàgbà tán ni yóò fara hàn, nítorí náà búrẹ́dì tí ẹ fi tọ́ ọ kò sọ pé irọ́ ni àwọn dókítà pa.

Willem Karel Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Netherlands, ni ó tú àṣírí àlìkámà. Ó ti ń fura sí i tẹ́lẹ̀ kí ìyàn ńlá tó mú ní ìlú wọn ní 1944 sí 1945, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí búrẹ́dì di ohun àwátì. Àwọn ọmọ tí àìsàn yìí ń bá fínra sàn sí i nínú ìyàn náà. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà bá a dé. Ní 1950 ni ó kọ ìwádìí rẹ̀ jáde, láti ìgbà náà títí di òní, yíyẹra fún gluten ni ìtọ́jú tí àwọn dókítà gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní ti ìsàsùn, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí gluten nínú iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọkà bàbà, jéró, ìrẹsì, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹran, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀fọ́ kankan. Iyán, àmàlà, ẹ̀bà, fùfú, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, àádùn, wàrà, dòdò Ìkirè tí wọ́n ń dì sínú ewé, gbogbo rẹ̀ ni ó wà fún un. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò ti máa wá oúnjẹ kiri, kì í ṣe lọ́dọ̀ yín. Ohun tí ẹ ó gbé kúrò níwájú rẹ̀ ni búrẹ́dì, sẹ́mó, ọkà àlìkámà, ìndómì, makaróní, sùpàgẹ́tì, bisikíìtì àti gbogbo ohun tí a fi fúláwà ṣe.

Ibi tí ẹ ti gbọdọ̀ la ojú yín sílẹ̀ gan-an ni ilé ẹ̀rọ. Àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n ní kí wọ́n máa jẹ ọkà àlìkámà, inú ẹ̀rọ kan náà tí ẹ ti ń lọ èlùbọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbé tiwọn lọ, èyí tí ó bá sì kù sínú ẹ̀rọ, ẹni tí ó kàn ni yóò gbé e lọ sílé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ẹnu ibi tí ìyẹ̀fun ti ń jáde: ẹ ó rí i tí ó lẹ̀ mọ́ irin ní ìpele ìpele, funfun ti àgbàdo, àwọ̀ eérú ti èlùbọ́, pupa rẹ́súrẹ́sú ti àlìkámà. Bí ẹ bá lè fi odó gún èlùbọ́ tirẹ̀, tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́ nínú búlẹ́ńdà nílé, ìyẹn ni ó dára jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí iyán pọ̀ ju àmàlà lọ ní gbogbo ìgbà tí ó bá wà lọ́dọ̀ yín. N kò rò pé yóò bá yín jà lórí ìyẹn.

Ẹ ra ọmọrogùn àti asẹ́ tuntun fún un, kí ẹ so òwú pupa mọ́ wọn kí àwọn ọmọ ilé má baà ṣì wọ́n mú, nítorí igi a máa fa oúnjẹ sára, ihò asẹ́ kì í sì í mọ́ tán. Ìkòkò irin àti abọ́ tí ẹ bá fi ọṣẹ fọ̀ dáadáa kò ní wàhálà. Ọ̀rọ̀ kan sì kù fún ẹ̀yin àti Bàbá: àìsàn yìí a máa rìn nínú ìdílé. Nínú àwọn òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tí ó bá ní i, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni ó máa ń ní i pẹ̀lú, àwọn mìíràn kò sì ní mọ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ọdún tí ó kọjá ni wọ́n sọ fún mi pé mo ní àìsàn celiac. Oúnjẹ ilé kò yọ mí lẹ́nu, ọ̀sán ní ibi iṣẹ́ ni ìṣòro mi. Láìpẹ́ yìí mo jẹ àmàlà àti ewédú ní búkà kan, inú sì ń rún mi títí di ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ n kò jẹ búrẹ́dì, n kò jẹ sẹ́mó. Ṣé kí n máa gbé oúnjẹ kiri ni? Báwo ni n ó sì ti ṣe ní òde àríyá?
*Òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Abéré*

Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́. N kò lè bá yín wo inú ìkòkò tí wọ́n ti ro àmàlà yẹn, ṣùgbọ́n bí búkà bá ń ta àmàlà, sẹ́mó àti ọkà àlìkámà pọ̀, ọmọrogùn kan náà ni wọ́n sábà máa fi ń ro gbogbo rẹ̀, inú omi kan náà ni wọ́n sì ń fi ọwọ́ bọ̀ kí wọ́n tó bu òkèlè sínú ọ̀rá. Ìyẹn ti tó láti dá ìfun yín lóró, nítorí ohun tí kò ju èérún búrẹ́dì lọ lè ṣe é.

Nítorí náà, ẹ yan búkà nípa ohun tí kì í tà. Ẹni tí ó jẹ́ pé iyán nìkan ni ó ń gún, tàbí olóúnjẹ tí ó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà láìfi sùpàgẹ́tì kún un, ni kí ẹ sọ di oníbàárà. Ẹ lọ nígbà tí èrò kò tíì pọ̀, kí ẹ kí ìyá olóúnjẹ dáadáa, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn tí ó yé e. Bí ẹ bá ní gluten ni ẹ kì í jẹ, á wò yín lójú. Ẹ sọ pé, “Ìyá, fúláwà búrẹ́dì àti sẹ́mó máa ń dá mi dùbúlẹ̀, kódà bí ó ṣe díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ṣíbí ọbẹ̀ yìí kò tíì kan nǹkan bẹ́ẹ̀?” Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn ìyá olóúnjẹ ṣe máa ń mú irú ọ̀rọ̀ báyìí ní òkúnkúndùn ju àwọn ọmọ tí ó wọ fìlà àti épúrọ̀nù ní ilé oúnjẹ ìgbàlódé lọ. Ẹ tún béèrè irú máàgì tí ó ń lò, kí ẹ ka ara páálí rẹ̀, nítorí àwọn kan ní àlìkámà nínú.

Oúnjẹ tí ewé bò kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín eléwé, ṣíbí ẹlòmíràn kò dé ibẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀wà àti ata kì í sì í sábà jẹ́ ẹ̀rọ nǹkan gbígbẹ. Bọ̀ọ̀lì, iṣu sísun àti àgbàdo sísun tí ẹ ń rí ní Ọláìyá ní ìrọ̀lẹ́ kò ní gluten rárá. Ní Sábó, àwọn tí ó ń ṣe màásà ń lo ìrẹsì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọn kò fi fúláwà kún un.

Agbada ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ. Alákàrà tí kò din ohun mìíràn ju àkàrà àti dùndú lọ, ẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì jẹun yó. Èyí tí ó ń din pọ́fù-pọ́fù tàbí bọ́ńsì nínú òróró kan náà, ẹ kọjá lára rẹ̀. Ooru òróró lè pa kòkòrò, kò lè pa gluten. Àwọn kan a sì máa wọ́n fúláwà sára ẹja kí wọ́n tó din ín kí ó má baà lẹ̀ mọ́ agbada, ẹ kò sì ní rí i bí ẹ kò bá béèrè. Ní àwọn ilé oúnjẹ ńlá lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, ẹ yẹra fún adìyẹ tí wọ́n yí ní fúláwà àti fúráìdì ráìsì tí wọ́n fi sọ́ọ̀sì ṣóyà sí, nítorí àlìkámà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ sọ́ọ̀sì náà.

Ní ti òde, ẹ jẹun díẹ̀ kí ẹ tó jáde. Bí ó bá jẹ́ ìnáwó ẹbí, ẹ pe alásè ṣáájú ọjọ́ náà kí ó bu tiyín sọ́tọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Bí ó bá jẹ́ ìnáwó ẹni tí ẹ kò mọ̀ dáadáa, ẹ gba àwo tí wọ́n gbé fún yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì gbé e fún awakọ̀ yín. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ràn ẹni tí ó bá kọ oúnjẹ lójú gbogbo ayé, kò sì sí ìdí tí ẹ ó fi máa ṣàlàyé ìfun yín lórí tábìlì olórin.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, inú mi máa ń wú lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo sì rí i lórí fóònù pé gluten ni ó ń fa á, pé ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ yóò tún fọn. Mo ti fi búrẹ́dì sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ṣé mo ṣe dáadáa?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo*

Àbúrò, ẹ padà sí ìdí búrẹ́dì yín fún ìgbà díẹ̀ ná. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń mọ àìsàn celiac ń wá àmì ìjà tí ara ń bá gluten jà. Bí gluten kò bá sí nínú ara, ìjà á rọlẹ̀, èsì á sì sọ pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ti máa jẹ oúnjẹ tí ó ní gluten lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ẹ lọ bá dókítà, ẹ ṣàlàyé ara yín, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fi ń jẹ búrẹ́dì náà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀ ni, ẹ gbé mílíìkì sílẹ̀ kí ẹ kọ́kọ́ wò ó, nítorí ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá ni ṣúgà inú mílíìkì kì í dà nínú wa mọ́ bí a bá ti kúrò ní ọmọdé, inú wíwú ni ó sì máa ń fà.

Ní ti fífọn, ẹni tí kò ní àìsàn yìí, tí àlìkámà kò sì ń bá ara rẹ̀ jà, kò rí èrè kan nínú sísá fún gluten. Ẹni tí ó bá fi búrẹ́dì sílẹ̀ tí ó wá ń jẹ ẹ̀bà méjì dípò rẹ̀ kò ní fọn.

Mo ń yan kéèkì tà. Oníbàárà mi kan fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ tí ó ní àìsàn celiac, ó sì ní kí n yan kéèkì tí kò ní gluten. Ẹnì kan ní kí n lo irú fúláwà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ẹ̀gẹ́. Ṣé yóò ṣeé ṣe?
*Alákéèkì, Òkè-Fìà*

Ẹ má kọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gba owó rẹ̀. Fúláwà búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ kọ́ ni ẹ ń wá. Láyé ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fúláwà máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ àlìkámà, ìdá 10 nínú 100; àlìkámà ni gbogbo ìyókù. Orúkọ ẹ̀gẹ́ tí ó wà lára rẹ̀ kò lè gba ọmọ náà sílẹ̀.

Ohun tí gluten ń ṣe nínú fúláwà ni pé ó máa ń fà láìjá, afẹ́fẹ́ tí yíìsì tàbí báákìnpáúdà bá tú jáde á há sínú rẹ̀, ohun tí ẹ ń yan á sì wú. Bí kò bá sí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á yọ lọ, ohun tí ẹ yan á sùn sílẹ̀, á sì máa rún wómúwómú. Ìdí nìyí tí búrẹ́dì tí kò ní gluten fi ṣòro, tí n kò sì ní gbà yín níyànjú láti fi í bẹ̀rẹ̀. Àkàrà òyìnbó rọrùn jù ú lọ, nítorí ẹyin ni yóò bá wa di afẹ́fẹ́ náà mú.

Ẹ ṣa ìrẹsì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ dànù, ẹ sá a títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ ṣùgbọ́n tí yóò ṣì tutù díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ lọ̀ ọ́ nínú búlẹ́ńdà yín, kì í ṣe ní ilé ẹ̀rọ, kí ẹ fi aṣọ tín-ín-rín jọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a gbẹ pátápátá. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là pa á wò: bí ó bá ṣì ń ta yín lọ́wọ́ gírígírí, ẹ padà lọ̀ ọ́. Gíráàmù 200 ìyẹ̀fun ìrẹsì yìí àti gíráàmù 100 sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ jọ pò, kí ẹ fi ṣíbí kékeré méjì báákìnpáúdà àti iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ má lo láfún, nítorí yóò kan lẹ́nu. Ẹ po gíráàmù 150 bọ́tà àti gíráàmù 150 ṣúgà títí yóò fi funfun, ẹ máa fọ́ ẹyin mẹ́rin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wá da ìyẹ̀fun náà àti mílíìkì bíi mílílítà 120 sí i. Yóò ṣàn ju èyí tí ọwọ́ yín mọ̀ lọ; ẹ má tìtorí ìyẹn fi ìyẹ̀fun kún un.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó wọ ófùnù, kí ìyẹ̀fun ìrẹsì lè mu omi yó. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní sùúrù fún, tí wọ́n fi ń gbọ́ gírígírí ìrẹsì lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́. Ẹ yan án ní 170°C fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún àárín rẹ̀ wò. Ẹ má gé e nígbà tí ó bá gbóná, yóò fọ́. Kì í pẹ́ gbẹ, nítorí náà kí ó jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ìbí náà tàbí alẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ẹ ó yan án. Ẹ kọ́kọ́ yan ọ̀kan fún ara yín kí ẹ tó dá tòun.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má tíì gba owó ni ibi iṣẹ́ yín. Eruku fúláwà a máa fò, a sì máa bà lé orí ohun gbogbo fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ẹ ti di àpò rẹ̀. Ohun tí Codex, ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀lé, gbà pé kò ní gluten ni oúnjẹ tí gluten rẹ̀ kò ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kílógíráàmù kan, ojú kò sì lè rí ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí ẹ kò ní tú àpò fúláwà kankan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi omi àti ọṣẹ nu gbogbo ibẹ̀ láti àná rẹ̀. Ṣúgà, bọ́tà àti báákìnpáúdà tuntun ni kí ẹ tú, kí ẹ ka ara ike báákìnpáúdà náà, nítorí àwọn mìíràn ń fi sítáàṣì àlìkámà sí i. Asẹ́ tuntun, ọwọ́ ìpòkéèkì tí ẹ fọ̀ títí dé ìdí, pépà tuntun nínú agolo. Sítáàṣì ni kí ẹ fi wọ́n agolo, kì í ṣe fúláwà bí ìṣe yín. Kí ẹ wá sọ fún ìyá ọmọ náà láìfi bò pé ibi tí a ti ń fi fúláwà ṣiṣẹ́ ni ẹ ti yan án, kí ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ ṣe fún un, kí ó sì fúnra rẹ̀ pinnu. Bí ó bá ní kí ẹ wá yan án nínú ilé ìdáná tòun, ẹ má bínú, ẹ lọ.

Ìjọ Kátólíìkì ni mò ń lọ. Ṣé mo lè bẹ fádà wa pé kí ó fi búrẹ́dì ìrẹsì fún mi ní Kọmúníọ̀nù?
*Ẹni tí kò fẹ́ kí a kọ àdúgbò òun*

Fádà yín kò ní lè gbà. Òfin Ìjọ, tí Vatican tún tẹnu mọ́ ní 2003 àti ní 2017, ni pé àlìkámà ni a gbọ́dọ̀ fi ṣe búrẹ́dì náà. Èyí tí kò bá ní gluten rárá kò bófin mu. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà fàyè gba búrẹ́dì àlìkámà tí wọ́n ti yọ gluten rẹ̀ kù díẹ̀ kíún, ó sì fàyè gba pé kí ènìyàn gba wáìnì nìkan. Ẹ lọ rí fádà ṣáájú Máàsì. Bí ó bá jẹ́ wáìnì ni ẹ fẹ́, ẹ sọ pé kí wọ́n ya ife tiyín sọ́tọ̀, nítorí nínú ife fádà ni wọ́n ti máa ń ju èérún búrẹ́dì sí.

Ṣé mo lè mu móòtì?
*Nọ́ọ̀sì kan, Alékúwodò*

Ó dá lórí ọkà tí wọ́n fi pọn ọ́n. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó báálì wọlé ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí wa yí sí, kò sì sí gluten nínú ọkà méjèèjì. Òfin náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, báálì sì ti padà sínú àwọn kan, nígbà mìíràn ní àpapọ̀ pẹ̀lú ọkà bàbà. Ẹ yí ìgò náà ká kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Bí ẹ bá rí báálì, tàbí tí wọ́n kàn kọ móòtì láìsọ irú ọkà tí ó jẹ́, ẹ mu zóbò.